Àwo Funfun Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá

Ọyẹ́ ti gbé eruku pupa wọlé láti ojú fèrèsé, kò sì sí ibi tí àṣírí eruku ti máa ń tètè tú tó ara nǹkan funfun. Láàárọ̀ Sátidé kan, nínú ilé kan lẹ́yìn Mọ́lété, n'Ìbàdàn, Màmá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ wọn. Okùn ni wọ́n fi so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ọjọ́ tí wọ́n ń fọ àwo ti pé.

Báfù rọ́bà méjì ló wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tẹ́ tówẹ́lì àtijọ́ sísàlẹ̀ ọ̀kan, kí ìdí àwo má baà gbá rọ́bà. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, omi lásán fún ṣíṣan àwo ló wà nínú èkejì. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, ló ń gbé wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ kan nídìí, ọwọ́ kan lára. Òfin ilé náà kò le: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi etí gbé kọ́ọ̀pù, torí etí ló máa ń kọ́kọ́ kán.

Abọ́ ọbẹ̀ onídèrí kan ló kọ́kọ́ jáde, funfun báláú, tí wọ́n mọ èso kékeré sórí ìdèrí rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi dì í mú. Pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn kan tẹ̀lé e. Ṣónṣó ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ rí. Kútẹ́ẹ̀sì funfun ni Màmá fi kùn ún, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn dáadáa kó tó rí i. Áńgẹ́lì méjì tó kúnlẹ̀. Ẹyẹlé méjì lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Fáàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí òdòdó ò wọnú rẹ̀ rí. Típọ́ọ̀tù tí kò ní ìdèrí mọ́. Àwo pẹrẹsẹ mẹ́fà tí wọ́n fi wúrà yí etí wọn po. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni kọ́ọ̀pù lóríṣiríṣi, tí fọ́tò àwọn olóògbé àti àwọn ọlọ́jọ́ ìbí wà lára wọn.

“Ọ̀gá mi ní ọsibítù ló fún mi léyìí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi,” Màmá sọ, wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. “Eléyìí, owó àjọ ni mo fi rà á. Bàbá yín ò mọ iye tí mo rà á títí wọ́n fi lọ.” Ọmọ-ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín.

Irú kọ́bọ́ọ̀dù báyìí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, láti Èkó títí dé Ìlọrin. Àwọn ọmọ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: àwo tí a kì í fi jẹun, kọ́ọ̀pù tí a kì í fi mu tíì, ẹrù tó gba àyè lásán. Àwọn kan ní ṣekárími ni. Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn méjèèjì, àmọ́ wọn ò débi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwé ìtàn ẹbí ni kọ́bọ́ọ̀dù náà, obìnrin ló sì kọ ọ́. Ẹni tó bí, ẹni tó kú, ẹni tó lọ sókè òkun, ẹni tó gba àjọ: gbogbo wọn ló ní ojú ìwé tiwọn níbẹ̀. Pé funfun ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn náà ní ìtàn, ó sì gùn.

Ìdí tí funfun fi ṣòro

Irin wà nínú amọ̀ tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Irin yìí ló máa ń pọ́n nígbà tí iná bá kàn án, òun ló jẹ́ kí ìkòkò, àmù àti ìṣaasùn wa pupa, kí èéfín tó wá sọ wọ́n di dúdú. Amọ̀kòkò tó bá fẹ́ funfun gbọ́dọ̀ wá amọ̀ tí irin inú rẹ̀ kéré gan-an. Káólìn ni wọ́n ń pe irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wà lágbègbè Jingdezhen ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe àwo láti ayébáyé.

Káólìn nìkan ò tó láti ṣe àwo funfun líle tí à ń pè ní tánganran. Wọ́n máa ń lọ òkúta kan mọ́ ọn, èyí tó ń yọ́ di gíláàsì nínú iná, tó sì ń so amọ̀ náà pọ̀ kí omi má lè ráyè wọ inú rẹ̀. Iná ọ̀hún gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná gbangba tí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ń fi igi àti koríko dá kì í sábà kọjá 900. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Èyí tí yóò di tánganran, gbogbo ara ni yóò fi gbóná.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ amọ̀ ní yunifásítì kan sọ ohun tó tún le ju iná lọ. “Bí amọ̀ pupa bá lábùkù, èéfín lè bò ó, ọnà lè bò ó. Funfun kì í bá èèyàn bo nǹkan kan. Ìdọ̀tí irin tó tó orí abẹ́rẹ́, tó bá jábọ́ sínú amọ̀, á yọ jáde ní tóótòòtó dúdú lójú àwo. Ìyẹn ló fà á tí a fi máa ń ya tábìlì amọ̀ funfun sọ́tọ̀.”

Ọ̀nà tí òun àti àwọn tó ń ta àwo ń gbà dá tánganran mọ̀ kò yàtọ̀ síra. Gbé àwo náà sí ojú ìmọ́lẹ̀, kó o fi ìka sẹ́yìn rẹ̀: bí òjìji ìka bá hàn, tánganran gidi ni. Fi èékánná ta á létí: tánganran á dún gooro, amọ̀ lásán tí wọ́n kàn fi nǹkan funfun bò lójú á dún bọ̀ọ̀. Dojú rẹ̀ dé, kó o wo òrùka tó fi ń jókòó, ibi tí nǹkan dídán kì í dé. Àwọ̀ amọ̀ náà gan-an wà níbẹ̀, kò sí bó ṣe lè parọ́.

Èyí tó fúyẹ́ jù, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, sábà máa ń ní eérú eegun màlúù nínú. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Josiah Spode, amọ̀kòkò kan ní Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀nà náà gún régé. Eérú eegun lè tó ìdajì gbogbo ohun tó wà nínú amọ̀ náà. Ẹni tó ń mu tíì nínú rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé egungun màlúù lòún dì mọ́wọ́.

Ọba tó fi sójà ra ìkòkò

Ìfẹ́ funfun ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwo funfun láti Ṣáínà dé ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Àwọn amọ̀kòkò Basra, ní ilẹ̀ tó di Iraq lónìí, kò ní káólìn. Wọ́n bá po tíìnì mọ́ omi gíláàsì tí wọ́n fi ń bo àwo, amọ̀ lásán sì di funfun lójú. Ọgbọ́n yẹn ló rìn dé Sípéènì àti Ítálì, tó sì gba ibẹ̀ dé ìlú Delft ní Netherlands.

Ní Dehua, ní ẹkùn Fujian ní Ṣáínà, wọ́n ní amọ̀ tó mọ́ débi pé wọn kì í sábà fi ọ̀dà kùn ún. Ère funfun ni wọ́n fi ń mọ, pàápàá ère Guanyin, ẹni tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń ké pè fún àánú. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ọkọ̀ òkun ti ń kó wọn lọ sí Yúróòpù. Bí a bá ń wá baba ńlá áńgẹ́lì funfun tó kúnlẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yà sí.

Ẹni tí àìsàn àwo mú jù ní Yúróòpù ni Augustus, aláṣẹ Saxony ní Jámánì tó tún jẹ ọba Poland. Lọ́dún 1717, ó kó 600 ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin fún ọba Prussia, ó sì gba ìkòkò àti àwo Ṣáínà 151 dípò wọn. Orúkọ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin yẹn ni wọ́n ṣì fi ń pe àwọn ìkòkò ńlá inú wọn títí dòní.

Kó tó dìgbà náà, Augustus ti ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́lé, Johann Friedrich Böttger, tí àwọn èèyàn rò pé ó lè sọ irin lásán di wúrà. Wúrà ò jáde. Àmọ́ òun àti onímọ̀ kan, Ehrenfried Walther von Tschirnhaus, ń fi iná dán oríṣiríṣi amọ̀ wò títí tánganran funfun fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1708. Lọ́dún 1710, ilé-iṣẹ́ Meissen bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe àwo níbẹ̀.

Ọba náà ò tíì yó. Ó tún ní òun fẹ́ ẹranko tánganran, ńlá ńlá, tí òun máa tò sí ààfin. Johann Joachim Kändler wà lára àwọn tó mọ wọ́n láwọn ọdún 1730. Amọ̀ tó nípọn bẹ́ẹ̀ kò bá iná rẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà sán, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ ní funfun, torí bí wọ́n bá tún dá wọn padà sínú iná nítorí ọ̀dà, wọ́n lè fọ́ pátápátá. Ewúrẹ́ funfun kan nínú wọn wà ní mùsíọ̀mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Pẹ́pẹ́yẹ Mọ́lété tó fi kútẹ́ẹ̀sì bo ẹnu ò dá nìkan wà láyé.

Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gba àwo funfun lọ́wọ́ àwọn ọba. Nígbà tí Ayaba Charlotte ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ ra ohun èlò tíì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1765, gbogbo èèyàn fẹ́ ra irú rẹ̀, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n débi pé tíṣà àti oníṣòwò lè ní i. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe àmì-ẹ̀yẹ kékeré kan ní 1787, ère ẹrú dúdú tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lórí ilẹ̀ funfun, èyí tí àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú ń fi sára aṣọ.

Funfun tiwa

Òwò ẹrú yẹn náà ló fà á tí àwọn Sàró fi ti Sẹ̀rà Líónù padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn Àgùdà sì ti Bràsíìlì dé. Wọ́n kó pálọ̀ dé: àga, tábìlì tí aṣọ bò, àwo tí wọ́n tò sójú àlejò. Àwọn olùkọ́, àlùfáà àti nọ́ọ̀sì gba àṣà náà lọ́wọ́ wọn, ó sì tàn dé ìlú mìíràn.

Síbẹ̀, òyìnbó kọ́ ló kọ́ wa láti ka amọ̀ àti funfun sí. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń fi àpáàdì to ilẹ̀ àgbàlá. Ìdúró ni wọ́n ń tò ó, ní ìlà-ìlà, wọ́n sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín rẹ̀ láwọn ibì kan. Ìtàn ẹnu sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ló pa á láṣẹ, torí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀.

Ọbàtálá tó ni àlà, tó ni ẹfun, tó ni sẹ́sẹ́ ẹfun, òun kan náà ni wọ́n ní ó ń fi amọ̀ mọ èèyàn. Ọlọ́wọ́ funfun ni amọ̀kòkò àkọ́kọ́ nínú ìtàn tiwa. Ojúbọ rẹ̀ kò fẹ́ àbàwọ́n: omi tó mọ́, aṣọ tó mọ́, ohun èlò tó mọ́.

Níbòmíràn, ní Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa, Àbátàn, amọ̀kòkò tí wọ́n bí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mọ ìkòkò onídèrí fún òrìṣà Erinlẹ̀, tí ère obìnrin wà lórí ìdèrí rẹ̀. Omi àti ọta odò ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, kọ odidi àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1969.

Ìkòkò onídèrí, omi, ọta: àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èrò yìí sọdá òkun. Ní Kúbà, igbá, ìkòkò amọ̀ àti ọpọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbé òrìṣà. Nígbà tó yá, wọ́n rí abọ́ ọbẹ̀ onídèrí lórí tábìlì àwọn olówó, èyí tí wọ́n ń pè ní sopera, wọ́n sì rí i pé ó yẹ òrìṣà. Ọta ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Ti Ọbàtálá, funfun ni. Ti Yemọja, búlúù àti funfun. Ti Ọ̀ṣun, àwọ̀ ìyeyè. Abọ́ tí Màmá tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn, ìyálòrìṣà kan ní Havana lè ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ pé òun ló ń bọ.

Ní Salvador ní Bràsíìlì, àwo àti ìkòkò Òṣàálá, bí wọ́n ṣe ń pe Ọbàtálá níbẹ̀, funfun ni wọ́n. Nígbà ọdún Omi Òṣàálá, àwọn ọmọ ilé òrìṣà á wọ aṣọ funfun, wọ́n á lọ pọn omi ní ìdájí láìsọ̀rọ̀, wọ́n á sì fi fọ gbogbo ohun tí òrìṣà ń lò. Ọ̀kan lára ilé òrìṣà tó lọ́jọ́ lórí jù níbẹ̀, Casa Branca, ìjọba Bràsíìlì kà á kún ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn láti ọdún 1984.

Kọ́ọ̀pù tó ní fọ́tò

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi owó rà. Lóde òní, ibi tí funfun ti ń wọlé jù ni òde. Òkú àgbà, ìgbéyàwó, àádọ́rin ọdún, oyè: kò sí èyí tí a máa ń kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Tìréè, àwo, kúùlà, àti kọ́ọ̀pù funfun tí fọ́tò ẹni tí wọ́n ń ṣe nítorí rẹ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó pín in.

Ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi bó ṣe ń ṣe é hàn. Páálí kọ́ọ̀pù mẹ́rìndínlógójì láti Ṣáínà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan kan bíńtín, tí ojú ò lè rí, bo ara wọn kí íǹkì lè gbà. Ó ti tẹ fọ́tò ìyá arúgbó kan sórí bébà ní òdìkejì, kí orúkọ lè kà dáadáa bó bá di ara kọ́ọ̀pù. Ó wé bébà náà mọ́ ọn, ó fi sẹ́lótéèpù tí iná ò lè jó dì í, ó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gbóná. Ẹ̀rọ náà ti sún mọ́ 200. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, ẹ̀rọ ké. Ó tú bébà kúrò. Màmá náà wà níbẹ̀, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán.

“Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀pù aláwọ̀ dúdú ni, ojú wọn ò ní hàn,” ó ní. “Funfun ló ń gbé fọ́tò jáde. Àwọn oníbàárà mi mìíràn máa ń béèrè bóyá ó máa ń ṣí. Mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ má fi kànrìnkàn onírin ha á, á pẹ́ jù yín lọ.” Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ Ọlọ́run pé kó má rí bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ìtàn àdúgbò kan ṣe ń tò sórí pákó kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé ìròyìn kì í kọ nípa ikú ìyá aláṣọ òkè tàbí ọgọ́rin ọdún káfíńtà. Kọ́ọ̀pù ló kọ ọ́. Lọ́wọ́ Màmá Mọ́lété, kọ́ọ̀pù méjì wà fún arábìnrin kan náà: ọ̀kan fún àádọ́rin ọdún rẹ̀, èkejì fún ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọjà àti dọ́là

Ní ọjà, bírékébù ni gbogbo àwo wọ̀nyí ń jẹ́. Ìyàwó ilé tó bá dé ìsọ̀ oníṣòwò kan ní Ìdúmọ̀tà á gbọ́: “Àǹtí, ẹ fọwọ́ ta á, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀.” Oníṣòwò náà ti ju ogún ọdún lọ lẹ́nu òwò yìí. Ó ní funfun kì í jẹ́ kọ́jà dúró. “Àwo olódòdó máa ń di àtijọ́. Tí ọ̀kan bá fọ́ nínú mẹ́fà, ẹ ò ní rí èkejì ẹ̀ rà mọ́. Àmọ́ funfun, ẹ máa rí èyí tó bá a lọ.”

Òwò náà kò rọrùn bíi tàná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà to ohun 41 kalẹ̀ tí wọn ò ní í ta dọ́là fún mọ́ ní ọjà dọ́là tí ìjọba fọwọ́ sí. Àwo ìjẹun, ohun èlò ilé ìdáná àti gíláàsì wà níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n náírà ti ṣubú gan-an lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni tó ń ra odindi sẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹyọ kan, ẹyọ kan.

Òkè òkun tún ṣí ọ̀nà mìíràn. Obìnrin Yorùbá kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ pé ṣọ́ọ̀bù ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù fún iṣẹ́ àánú lòún ti ń ra tòun: típọ́ọ̀tù, sọ́ọ̀sà, fáàsì funfun tí àwọn arúgbó òyìnbó fi sílẹ̀ lọ. “Àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ ẹ. Mo máa ń fi aṣọ ọmọdé wé e, mo sì máa ń kó o sáàárín dúrọ́ọ̀mù. Tó bá délé, ẹ̀gbọ́n mi á ní owó ńlá ni mo ná.”

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló dé tí a ò ṣe é níbí? Káólìn wà ní Kankara ní Katsina. Ó wà ní Ìjerò-Èkìtì. A tún mọ iná tó gbóná dá: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, níbi ìkọ́ṣẹ́ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja báyìí, wọ́n ń fi igi sun ìkòkò líle tó ń dán. Ibẹ̀ ni òkìkí Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò ọmọ Gbari, ti kàn. Àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ogún náírà.

Olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀ náà ní amọ̀ kọ́ ni ìṣòro. “Ilé-iṣẹ́ táìsì ti pọ̀ ní Nàìjíríà, a sì ń rí i. Àwo ìjẹun ló nira. Iná rẹ̀ ò gbọdọ̀ kú láàárín iṣẹ́. Tí gáàsì bá tán tàbí tí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, gbogbo ohun tó wà nínú ààrò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ṣáínà dù ú ní láti kọ́kọ́ yanjú iná.”

Lẹ́yìn Màmá ńkọ́?

Ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù ti máa ń kan ìṣòro ni ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú. Ilẹ̀ ní ìwé, ilé ní ìwé, mọ́tò ní ìwé. Pẹ́pẹ́yẹ funfun kò ní. Àwọn ọmọ tó wà ní Houston àti Lọ́ńdọ̀nù á ní kí wọ́n kó o fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Aláàdúgbò á mú méjì, ọmọ ọ̀dọ̀ á mú mẹ́ta, ìyókù á di ohun tí wọ́n ń fi bomi fún adìyẹ. Ẹ̀bùn tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì fún abiyamọ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ti di abọ́ adìyẹ láìmọ̀.

Òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ohun tó yẹ kó ṣáájú owó ni ìtàn. Ó ní kí àwọn ọmọ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n gba ohùn Màmá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ibi tó ti wá, ẹni tó fún wọn àti ọdún tó wọlé. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí wọ́n sì fi bébà náà sínú abọ́. Wọn ò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, torí gúlúù máa ń fa àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sára funfun.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Omi gbígbóná jù máa ń mú kí àwo àtijọ́ sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú. Sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, tí a fi omi díẹ̀ po, máa ń ṣí àbàwọ́n tíì kúrò. Èyí tó bá ní wúrà létí kò gbọdọ̀ wọ maikirowéèfù. Àwo àtijọ́ mìíràn ní òjé nínú ohun tí wọ́n fi mú un dán, ọbẹ̀ tòmátò àti ọsàn sì máa ń fa òjé jáde. Irú èyí, kí ó máa wà fún wíwò. Èyí tó bá ti sán lójú náà, ká má fi oúnjẹ sínú rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́kù, kò sí ìdí tí a ò fi gbọdọ̀ fi jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó funfun jọ lóde òní ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn kò nílẹ̀kùn, àwo ìyá wọn àti èyí tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wà lórí pákó kan náà, wọ́n sì ń fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá ń lò lójoojúmọ́ kì í níyì mọ́.

Ìdílé kan l'Ábẹ́òkúta ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Nígbà tí ìyá wọn kú, àwo funfun méjìlá ló fi sílẹ̀, ọmọ sì jẹ́ mẹ́fà. Wọ́n pín in ní méjì-méjì, wọ́n sì fẹnu kò pé gbogbo ọdún ìrántí ìyá wọn, kálukú gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ wálé, inú wọn ni gbogbo ẹbí yóò sì ti jẹun. Àkọ́bí wọn sọ pé ọ̀kan ti fọ́ lọ́wọ́ àbúrò wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Ṣàgámù. Wọn kò bá a jà. Òun ni wọ́n ní kó ra ewúrẹ́ ọdún náà, wọ́n sì ní bó bá tún fọ́ èkejì, màlúù ni.